Ọwọ́ Ọ̀tún Tí Ìyá Mi Dúró Dè

Aburú tó wà nínú àìsàn tó mú mi ni pé kò dùn mí. Ká ní ó dùn mí ni, ǹ bá ti sáré lọ sí ilé-ìwòsàn lọ́sẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí eyín bá ń dùn kì í jókòó sílé. Ṣùgbọ́n tèmi, kókó kan ló yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgúnpá ọ̀tún mi, kò ju ekùrọ́ kan lọ. Abẹ́ awọ ló wà. Bí mo bá fi ìka tì í, á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò gbóná, kò ro mí. Mo máa ń fi ṣeré bí mo bá jókòó.

Ẹni tí irú kókó bẹ́ẹ̀ wà lára rẹ̀ ni mo ń bá sọ̀rọ̀, àti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún nílé-ìwòsàn pé egbò Burúlì ló ń ṣe é. Mi ò ní sunkún sí yín lọ́rùn. Mo ti sun tèmi, ó tó. Bó ṣe rí gan-an ni mo fẹ́ sọ.

Gàrí ni mo ń yan ní Tchaada, lábẹ́ Ifangni níbí, lẹ́bàá ẹnubodè Nàìjíríà. Ìyá mi ló kọ́ mi. Iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀tún ni. Ọ̀tún ló ń jọ̀ ọ́, ọ̀tún náà ló ń fi àwẹ́ igbá rò ó nínú agbada títí yóò fi gbẹ. Nítorí náà, nígbà tí apá bẹ̀rẹ̀ sí í wú, kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Bàbá Mọníìkì, ọkọ mi, ní gàrí ló fà á. Àwọn tí a jọ ń yan gàrí ní gàrí ni. Èmi náà ní gàrí ni, mo fi òrí pa á, mo padà sídìí iná.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni awọ ibẹ̀ ya. Ojú egbò náà kéré lókè, ṣùgbọ́n ó ń jẹun lọ lábẹ́, bí ikán ṣe ń jẹ òpó tí ẹ̀ ń wò pé ó ṣì dúró. Títí di ìgbà yẹn, kò dùn mí.

Ẹ mọ ilé wa. Bí egbò bá ti dé, gbogbo ayé di oníṣègùn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Filomẹ́nì, gbé ewé dé. Ó ń gún un, ó ń sè é, ó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ mi lára ní gbígbóná. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ní kí n wá dùbúlẹ̀ sínú ilé àdúrà. Àwọn ará ilé ọkọ mi ní ọfà ni wọ́n ta mí, kí wọ́n gbé mi sọdá sí Nàìjíríà, bàbá kan wà níbẹ̀ tó ń yọ ọ́. Mo ṣe ti gbogbo wọn. Ẹ ò lè kọ̀ fún ẹnì kan nínú wọn, torí bí nǹkan bá ṣe yín tán, òun ni yóò dúró sójúde tí yóò máa sọ pé, "Ṣé mo sọ fún un àbí mi ò sọ?" Gbogbo rẹ̀ ló sì gba owó. Ewé gba owó, ọfà gba owó, adìyẹ àti ọtí gba owó. Nígbà tí a ó fi rántí ilé-ìwòsàn, ewúrẹ́ mi ti tán lágbàlá.

Ìyá mi nìkan ni kò gbé nǹkan wá. Ó wá wò mí lọ́jọ́ kan, ó ṣí aṣọ tí a fi bo egbò náà, ó wò ó pẹ́.

Ó ní, "Àṣàbí, ṣé kò dùn ọ́?"

Mo ní, "Kò dùn mí, Ìyá."

Ó ní, "Ìyẹn gan-an ló burú. Dìde ká lọ."

Zémijàn kan fi alùpùpù gbé àwa méjèèjì lọ sí Ifangni. Èrò kún ilé-ìwòsàn náà dé ẹnu ọ̀nà. Òórùn egbò mi ti ń ṣáájú mi wọlé nígbà yẹn. Obìnrin tí mo jókòó tì fi ìborùn bo imú, ó sún. Ẹni tó tẹ̀ lé e náà sún. Ìyá mi wò wọ́n, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ sí àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ó ní, "Ẹ ṣé o jàre, ó ti ń há wa mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀." Ojú ń tì mí, ẹ̀rín sì ń pa mí. Oòrùn ti kọjá àtàrí kó tó kàn wá.

Nọ́ọ̀sì tó yẹ̀ ẹ́ wò bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ní Faransé, ó wò wá lójú, ó wá yí i sí èdè Gùn tí àwa náà gbọ́. Ó ní irú egbò yìí ní ilé-ìwòsàn tirẹ̀, ibẹ̀ kò sí nítòsí, ká má sì padà sílé lọ gún ewé kankan mọ́. Mo bi í léèrè bóyá wọ́n máa gé apá náà.

Ó ní, "Màdáámù, ẹ tètè lọ."

Kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ kankan lọ láyé mi. Ikú kọ́ ni mo ń rò. Mo ń rò ó pé, obìnrin tí kò ní ọwọ́ ọ̀tún, kí ló fẹ́ fi yan gàrí? Ọwọ́ wo ni yóò fi kí àgbà, tí yóò fi fún èèyàn lóúnjẹ?

A lọ síbẹ̀, wọn ò sì gé e. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn, kí ọkàn yín lè balẹ̀. Oògùn ni wọ́n ń fún mi lójoojúmọ́, wọ́n ń wẹ egbò náà, wọ́n ń dì í. Nígbà tó mọ́ tán, wọ́n bu awọ itan mi lé e. Oògùn náà kò ná wa ní nǹkan, ṣùgbọ́n oúnjẹ, ọṣẹ, owó ọkọ̀ àwọn tó ń wá wò mí, ìyẹn ló jẹ wá run. Bàbá Mọníìkì ta epo kó tó tó àkókò rẹ̀, ní iye tí kò yẹ kó tà á. Kò fi ṣe ọ̀rọ̀ sọ fún mi rí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nǹkan tí n kò mọ̀ ni pé egbò lè jinná kí apá má jinná. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá mi dúró ni mo ti ká apá náà mọ́ àyà, torí bẹ́ẹ̀ ló rọ̀ mí lọ́rùn. Filomẹ́nì tó wá dúró tì mí ń fi òkèlè sí mi lẹ́nu, ó ń wẹ̀ mí, ó ń ró aṣọ fún mi. Mi ò fẹ́ fi òsì jẹun. Ta ló ń fi òsì jẹun lójú èèyàn? Mo lanu, ó ń fi sí i. Ìfẹ́ ni, mo sì gbádùn rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n tú gbogbo aṣọ tí wọ́n fi dì í kúrò, ìgúnpá mi ti gan pa.

Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé oríkèé tó bá ti gan ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló mọ̀: "Na án." Orúkọ tí a sì ń pè é náà nìyẹn, Màdáámù Na-án. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó ní, "Bon, ó dáa, na án." Mo na án. Mo rí ìràwọ̀ lọ́sàn-án gangan. Apá náà kò kúrò lójú kan ju ìbú èékánná lọ, Màdáámù Na-án sì ń pàtẹ́wọ́. Mo ní lọ́kàn mi pé obìnrin yìí ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ayé sú mi lásìkò yẹn. Mo ń jẹun, mo ń dáhùn bí wọ́n bá kí mi, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí n kú, kí n yè, ọ̀kan náà ni lójú mi. Wọ́n ní mo ń sàn. Mo wo apá tó ká mọ́ mi láyà, mo ní sísàn dà?

Ẹni tó wà lórí ibùsùn tó kángun sí tèmi ló yọ mí. Ìyá Banigbé la ń pè é, torí ibẹ̀ ló ti wá. Oníṣòwò aṣọ ni, ọjà Ìgólò lẹ́nubodè ló ń ná. Ọrùn ẹsẹ̀ ni egbò tirẹ̀ wà. Obìnrin yìí kò lè gbé ọjọ́ kan láì ná ọjà. Bí oòrùn bá ti ń rọ̀, yóò ké sí mi.

"Ìyá Mọníìkì, kí lo tà lónìí?"

Mo kọ́kọ́ rò pé ibà ló mú un. Mo ní, "Ọjà wo?"

Ó ní, "Nǹkan tí ara rẹ kò lè ṣe lánàá, tó wá ṣe é lónìí, ọjà nìyẹn. Èmi fi àtẹ́lẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Mo ti tà."

Mo ní, "Èmi ò ta nǹkan kan."

"Irọ́ lò ń pa! O fi ọwọ́ ọ̀tún lé eṣinṣin láàárọ̀. Mo rí ọ. O tà á tán, o ò mọ̀ pé o tà á. Irú oníṣòwò wo nìyẹn?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn. Mo sì gbìyànjú láti tún lé eṣinṣin mìíràn wò, ó ṣe é ṣe, díẹ̀.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìyá Banigbé gbé òfin kalẹ̀: ẹnì kan kò gbọdọ̀ ta ọjà àná. Bí o bá di síbí mú lánàá, lónìí kí o bu nǹkan sínú rẹ̀. Ẹni tí kò bá tà, kò gbọdọ̀ parọ́, kó ṣáà sọ pé ọjà ò tà, kí gbogbo wa sọ pé ọjà ọ̀la á tà. Àwọn tó kù nínú iyàrá dá sí i. Àwọn kan ń ta ìrìn, àwọn kan ń ta ìjókòó. Mo ta fífi ọwọ́ ọ̀tún yún etí. Mo ta bọ́tìnì kan tí mo dé fúnra mi. Nígbà tí mo ní ó ti kéré jù, Ìyá Banigbé ní, "Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Kí ló ń lé ọ?"

Mi ò sọ pé èyí ló wò mí sàn. Oògùn ló wo egbò. Ṣùgbọ́n tẹ́lẹ̀, bí mo bá jí, nǹkan tó ń wá sí mi lọ́kàn ni pé ṣé apá yìí á padà bọ̀ sípò? Ìbéèrè yẹn kò ní ìdáhùn, ó kàn ń jẹ mí lọ́kàn ni. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ ọjà títà, bí mo bá jí, nǹkan tí mo ń rò ni ohun tí màá tà kí oòrùn tó wọ̀. Ìyẹn ní ìdáhùn. Ọkàn mi rí nǹkan dì mú.

Nígbà tí wọ́n ní kí n máa lọ sílé, apá náà kò tíì na ju ìdajì lọ. Iṣẹ́ oko kò jẹ́ kí Bàbá Mọníìkì ráyè tì mí, nítorí náà ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mo lọ. Òun ló wá mú mi. Ó bi Màdáámù Na-án léèrè ohun tó yẹ kó ṣe fún mi. Màdáámù ní, "Ìyá, ohun tó bá lè ṣe fúnra rẹ̀, ẹ má bá a ṣe é. Ẹ jẹ́ kó máa lò ó." Ìyá mi ní òun ti gbọ́. Mi ò ka ọ̀rọ̀ náà sí.

Lọ́jọ́ kejì tí a délé, mo bu omi sínú ife fún un. Ọwọ́ òsì ni mo fi gbé e. Ó wo ife náà, ó wò mí.

"Kí lèyí?"

"Omi ni, Ìyá."

"Mo rí omi. Ọwọ́ wo lo fi gbé e?"

"Ìyá, ẹ mọ̀ pé ọ̀tún mi ò ì tíì..."

"A kì í fi òsì júwe ilé baba ẹni, ìwọ wá fẹ́ fi fún ìyá rẹ lómi. Gbé e sọ́wọ́ tó yẹ. Màá dúró."

Ó na ọwọ́ rẹ̀ sí mi, ó jókòó bẹ́ẹ̀ lórí àpótí. Mo gbìyànjú. Apá náà kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Omi dà sílẹ̀. Mo gbé ife kalẹ̀, mo wọlé, inú bí mi débi pé etí mi ń hó. Kò mu omi náà.

Gbogbo àwọn yòókù ló ń gba nǹkan lọ́wọ́ òsì mi. Àwọn oníbàárà mi ní, "Má ṣèyọnu, kò sí nǹkan níbẹ̀." Ọkọ mi ń gbà á. Àní àwọn àgbàlagbà àdúgbò ń gbà á, wọ́n á ní Ọlọ́run mọ̀. Ìyá tó bí mi ni kò gbà. Nígbà tí Filomẹ́nì gbọ́, ó wá gbé ìjà kò ó.

"Ìyá, ẹ ṣàánú! Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tikú dé! Ṣé kì í ṣe ọ̀tún ló ń wẹ òsì, tí òsì ń wẹ ọ̀tún?"

Ìyá mi ní, "Filomẹ́nì, bí òùngbẹ bá ń gbẹ ọ́, ìkòkò wà níbẹ̀ yẹn. Tèmi, Àṣàbí ni yóò bù ú wá."

Àwọn ará ilé ní ìyá mi burú. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀, kí n má purọ́. Lójoojúmọ́, bí ó bá jẹun ọ̀sán tán, yóò na ọwọ́, yóò sì dúró. Bí mo bá sọ pé ó ti rẹ̀ mí, yóò ní, "Sinmi. Ṣé mo lé ọ ni? Mo jókòó." Bí mo bá da omi sí i lẹ́sẹ̀, yóò wo ẹsẹ̀ náà, yóò ní, "O kúuṣẹ́, ẹsẹ̀ mi ti mọ́." Ojoojúmọ́ ni mo ń pe Ìyá Banigbé lórí fóònù, torí òun náà ti padà sílé, ó ń fi ọ̀pá rìn. Kò bi mí ní àlàáfíà rí. "Kí lo tà?" ló ń sọ.

"Mo fi ọ̀tún gbé ife òfìfo."

"Ó tà!"

"Mo ró ìró mi fúnra mi, ó tú lójú ọ̀nà."

"Ó tà náà. Aṣọ ló ṣẹ̀, kì í ṣe ìwọ."

Nígbà kan, nínú òjò, ojú àpá náà sán, apá wú, mi ò ta nǹkan kan fún ọjọ́ púpọ̀. Gbogbo ohun tí mo ti jèrè fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Mo sunkún níwájú ìyá mi bí ọmọdé. Kò rẹ̀ mí lẹ́kún, ó sì na ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe máa ń nà á. Mo kórìíra rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Lọ́jọ́ kejì, mo tún bu omi.

Ohun tó jẹ́ kí n mọ̀ pé ọkàn mi ti ń padà bọ̀ kò ní í ṣe pẹ̀lú apá. Lọ́jọ́ kan, Filomẹ́nì gbé ọbẹ̀ ilá wá, mo tọ́ ọ wò, inú bí mi nítorí iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù. Mo pariwo. Mo ní ta ló ń se irú ọbẹ̀ báyìí fún èèyàn? Filomẹ́nì wò mí tìyanu-tìyanu. Ó ti pẹ́ tí ọbẹ̀ ti dùn tàbí tí kò dùn lẹ́nu mi. Ẹni tí ayé bá sú kì í bá ọbẹ̀ jà.

Lẹ́yìn ìgbà náà ni mo tó ṣàkíyèsí nǹkan kan nípa ìyá mi. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, bí ó bá na ọwọ́, ó máa ń tẹ̀ síwájú lórí àpótí tó bẹ́ẹ̀ tí ìka rẹ̀ ń fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ife lọ́wọ́ mi. Díẹ̀díẹ̀ ló ń fà sẹ́yìn. Ojoojúmọ́ ló ń sún mọ́ ògiri, mi ò rí i, torí ife ni ojú mi wà. Ọjọ́ tí mo rí i, ó ti fẹ̀yìn ti ògiri pátápátá.

Ọ̀sán náà ni ó gbà á. Ife náà kún. Mo na apá mi, ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó mu ún tán láì mí, ó gbé ife náà sílẹ̀. Mo ń retí àdúrà, kó tilẹ̀ pe oríkì mi lásán.

Ó ní, "Omi yìí ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Lọ bu òmíràn nínú ìkòkò."

Mo lọ bù ú. Ìdí ìkòkò ni mo ti sunkún, mi ò jẹ́ kó rí mi.

Bí mo ṣe wà báyìí nìyí. Apá náà kò na tán, kò sì ní na tán mọ́. Ìka méjì tó kẹ́yìn kò ká dáadáa. Awọ ibẹ̀ fẹ́lẹ́, oòrùn kì í bá a ṣọ̀rẹ́, nítorí náà mo ń wọ aṣọ alápá gígùn nídìí iná. Mo ń di irun mi fúnra mi, ó ń wọ́, kò sí ẹni tí mo gbà láyè láti sọ ọ́. Gàrí tí mo ń yan kò pọ̀ tó ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ni mò ń yan án. Ìyá Banigbé ti padà sí Ìgólò, ó sì ń bi mí ní ọjà tí mo tà títí di òní.

Ìwọ tí kókó wà lára rẹ tí kò dùn ọ́, má fi ṣeré. Má jókòó de ìgbà tí yóò dùn ọ́. Lọ kí ewúrẹ́ rẹ tó tán. Bí wọ́n bá sì ti dì í fún ọ, bi wọ́n léèrè bí o ó ṣe máa lo ẹ̀yà ara náà, má sì jẹ́ kí àwọn tó fẹ́ràn rẹ fi ìkẹ́ sọ ọ́ di igi. Bí ọkàn rẹ bá wọlẹ̀, má wò ó dé ọdún tó ń bọ̀. Wá nǹkan kékeré kan ṣe kí oòrùn tó wọ̀, kó jẹ́ nǹkan tí o kò lè ṣe lánàá, kí o sì sọ ọ́ fún ẹni tí kò ní fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Wàá rí i pé ọ̀la á bẹ̀rẹ̀ sí í wù ọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wà nídìí agbada, gàrí ti fẹ́ gbẹ, ìgbà tí èèyàn kò gbọdọ̀ dáwọ́ dúró kó má baà jóná. Ìyá mi jókòó tì mí, ó ti darúgbó, ó ní kí n bu díẹ̀ fún òun tọ́ wò. Mi ò ronú. Mo fi òsì bù ú, mo nà án sí i. Ó gbà á, ó dà á sẹ́nu, ó ń jẹ ẹ́. Ìgbà yẹn ni ara mi bù máṣọ.

Mo ní, "Ìyá, ẹ dákun, ẹ má bínú. Ọwọ́ òsì mà ni!"

Ó ní, "Mo rí i."

"Ẹ sì gbà á?"

Ó jẹ gàrí náà tán, ó gbọn ọwọ́.

Ó ní, "Ṣé o ò rí i pé ọ̀tún wà lẹ́nu iṣẹ́ ni?"